Oyè Tí Àwọn Ọmọbìnrin Gbé Ró

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ orúkọ Winston Churchill ló gbà pé Churchill ni látayébáyé. Baba rẹ̀ ń jẹ́ Churchill, bẹ́ẹ̀ náà ni baba baba rẹ̀. Inú ààfin tí wọ́n kọ́ fún Churchill tó kọ́kọ́ lókìkí ni wọ́n sì bí i sí, ní Blenheim, nítòsí Oxford, ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 1874. Àmọ́ bí a bá tọ ìlà baba rẹ̀ sẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ baba, láìyà sọ́dọ̀ ìyá kankan, orúkọ Churchill yóò bọ́ lọ́wọ́ wa bí a bá ti kọjá ọdún 1817. Ìdílé Spencer la ó bá níbẹ̀, àwọn tí àgùntàn sísìn sọ di olówó ní Warwickshire àti Northamptonshire. Obìnrin ló gbé ẹ̀jẹ̀ Churchill wọ agbo ilé yẹn. Obìnrin náà ló gbé oyè Duke of Marlborough wọ ibẹ̀.

Mo fẹ́ fi ìdílé yìí ṣàlàyé bí oyè àjogúnbá ṣe ń rìn ní Ìlú Ọba, nítorí pé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí oyè fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ṣẹlẹ̀ sí tiwọn tán: àrólé kú, òfin yí padà, owó tán, ìyàwó olówó dé. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ìwé ló ń darí ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ oyè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá oyè sílẹ̀ ni yóò sọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lẹ́yìn 300 ọdún.

Ìpele márùn-ún ni oyè wọ̀nyí pín sí. Duke ló ga jù, Marquess tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Earl, lẹ́yìn Earl Viscount, Baron ló sì kẹ́yìn. Ọba ló ń dá oyè sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó ní òǹtẹ̀ rẹ̀ lára. Inú ìwé yẹn ni wọn yóò kọ orúkọ oyè sí, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, àti ọ̀nà tí yóò gbà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn bí ẹni náà bá kú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí oyè lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tí ẹni àkọ́kọ́ bí nínú ìgbéyàwó, kí ó ti ọ̀dọ̀ ìyẹn lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ìdílé tó ń jọba lè tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn afọbajẹ ni yóò sì jókòó yan ẹnì kan nínú àwọn ọmọ oyè tó jáde. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí afọbajẹ, kò sí ìdíje, kò sì sí ẹni tí ń béèrè bóyá àkọ́bí gbọ́n tàbí ó gọ̀. Bí ẹ̀mí bá ti bọ́ lára baba, ọmọ ti di Duke nìyẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ọjọ́ méjì.

Ọmọbìnrin ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àṣẹ, kò sí níbẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ tò ó sẹ́yìn àwọn arákùnrin rẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni àkọ́kọ́ náà kò ní ìpín, nítorí pé àwọn tó ti ara ẹni náà jáde ni ìwé dárúkọ. Bí ọmọkùnrin bá ti tán lórí ìlà yẹn, oyè kú. Ẹni tí Nàìjíríà mọ̀ dáadáa lè fi èyí hàn wá. Frederick Lugard, tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, di Baron Lugard ní 1928. Òun àti Flora Shaw ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Nígbà tí Lugard kú ní oṣù Kẹrin, ọdún 1945, oyè náà bá a wọ sàréè. Ọdún 17 péré ló lò láyé.

Ohun kan ṣì kù kí a tó wọ inú ìtàn. Ẹni tó bá jẹ Duke sábà máa ń ní àwọn oyè kéékèèké lábẹ́ ti ńlá. Duke of Marlborough ni Marquess of Blandford pẹ̀lú. Nígbà tí Duke bá wà láàyè, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin máa ń yá oyè kejì yìí lò, òun ni gbogbo ayé ń pè ní Blandford. Àwọn àbúrò Blandford ní ‘Lord’ tàbí ‘Lady’ níwájú orúkọ wọn, àmọ́ àwọn ọmọ tí àwọn àbúrò wọ̀nyí bá bí kò ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí Winston, ọmọ ọmọ Duke, fi ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Churchill lásán fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ John Churchill, ẹni tí gbogbo rẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò bá oyè nílé baba rẹ̀. Ọdún 1650 ni wọ́n bí i, ní Ashe House ní Devon, ilé náà kò sì jẹ́ ti baba rẹ̀. Baba yìí, tí òun náà ń jẹ́ Winston Churchill, jà lẹ́yìn ọba nígbà ogun abẹ́lé. Àwọn ọ̀tá ọba ló borí, wọ́n sì bu ìtanràn lé e tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti aya rẹ̀ fi lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó, Lady Drake. Ọmọ tó la ojú sínú ilé àna, tó ń rí baba rẹ̀ bó ṣe ń gbé lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn, kò lè ṣe kó máà mọ iyì owó. Gbogbo ọjọ́ ayé John ni wọ́n fi ń sọ pé ahun ni. Èmi gbà pé Ashe ló ti kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Arabella, ló ṣílẹ̀kùn ààfin fún un. Arabella di àlè James, Duke of York, àbúrò ọba, John sì rí iṣẹ́ ẹmẹ̀wà lọ́dọ̀ James. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Arabella bí fún James ni Duke of Berwick, ẹni tó padà di ọ̀gágun àwọn Faransé, tó sì ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Almanza ní Spéènì lọ́dún 1707, ní àkókò tí John arákùnrin ìyá rẹ̀ ń bá Faransé jà ní apá òkè. Ní ààfin yẹn náà ni John ti pàdé Sarah Jennings, ọ̀rẹ́ kòríkòsùn Ọmọọba Anne, ọmọ James. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìyẹn, oyè bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn. James jọba ní 1685, ó sọ John di Baron Churchill. Ní 1688, John fi James sílẹ̀ lójú ogun, ó sá tọ William ti Orange lọ, ọdún tó tẹ̀ lé e ni William, tó ti gba ìtẹ́ lọ́wọ́ James, sì fi í jẹ Earl of Marlborough.

Orúkọ oyè yẹn kò ṣàjèjì. Ìdílé Ley ti jẹ Earl of Marlborough láti 1626, wọ́n kò ní àrólé, oyè wọn sì kú ní 1679. Ọba lè mú orúkọ oyè tó ti kú, kó kọ ìwé tuntun lé e lórí, kó fi ta ìdílé mìíràn lọ́rẹ.

Anne gorí ìtẹ́ ní 1702. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó sọ ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ di Duke. Inú Sarah kò dùn sí i bí ènìyàn ṣe lè rò. Ó mọ ìṣirò dáadáa: Duke tí kò ní ilẹ̀ àti owó tó bá oyè mu yóò di ẹni ẹ̀sín. Anne fẹ́ kí wọ́n máa san 5,000 pọ́n-ùn fún ìdílé náà lọ́dọọdún láti inú owó ilé ìfìwéránṣẹ́, títí ayérayé. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú kọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọba tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ di.

Oyè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní oṣù méjì nígbà tí àjálù dé. John àti Sarah ti kọ́kọ́ sin ọmọkùnrin kan ní kékeré. Èyí tó kù, tí òun náà ń jẹ́ John, wà nílé ẹ̀kọ́ ní King's College, Cambridge, ẹni ọdún 17, tí wọ́n ti ń pè ní Marquess of Blandford. Ṣọ̀pọ̀nná mú un. Sarah sáré lọ bá a, Anne fi àwọn oníṣègùn tirẹ̀ ránṣẹ́, baba ọmọ náà sì dé kó tó dákẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 1703. Ilé ìsìn King's College ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Sarah ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló kù: Henrietta, Anne, Elizabeth àti Mary. Lójú ìwé àṣẹ ọdún 1702, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jámọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ tí John bá kú ni oyè yóò bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí ti Lugard ṣe bá Lugard lọ lẹ́yìn ọdún tó lé ní 200.

Ogun ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, ọdún 1704, ní abúlé Blindheim, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Blenheim, lẹ́bàá odò Danube ní Bavaria, John àti Prince Eugene ti Savoy fọ́ ọmọ ogun Faransé àti Bavaria yángá, wọ́n sì mú Tallard, ọ̀gágun Faransé, láàyè. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, John kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ó tọrọ ìwé, ohun tí wọ́n rí fún un ni ìwé owó ilé ọtí kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ sí fún Sarah, pé kí ó bá òun kí ọbabìnrin, kí ó sì sọ fún un pé ọmọ ogun rẹ̀ ti ṣẹ́gun. Ìwé yẹn ò sọnù títí di òní.

Ọbabìnrin fi ilẹ̀ Woodstock, tó jẹ́ ti ọba látijọ́, ta á lọ́rẹ ní 1705. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin sí i lórí, John Vanbrugh sì ni ayàwòrán ilé. Ilẹ̀ ọba kì í lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ṣá o. Ìṣákọ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ náà ni àsíá kan ṣoṣo lọ́dọọdún, aṣọ ṣẹ́dà funfun tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe ìṣẹ́tí rẹ̀, tí òdòdó lílì mẹ́ta wà lójú rẹ̀, irú èyí tí ọba Faransé ń gbé lọ sójú ogun. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ààfin Windsor kí ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ tó kọjá. Títí di òní ni Duke of Marlborough ń san án. Duke of Wellington náà ní irú rẹ̀ fún ilẹ̀ Stratfield Saye, ọjọ́ ìrántí Waterloo sì ni tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oyè ló ṣì kù. Ní oṣù Karùn-ún 1706, John tún ṣẹ́gun ní Ramillies. Òkìkí rẹ̀ kan débi pé kò sí ohun tí yóò bèèrè tí wọn yóò dù ú. Kí ọdún yẹn tó parí, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin kan fún ìdílé kan ṣoṣo. Òfin náà tún ọ̀nà oyè là. Bí John kò bá ní ọmọkùnrin, oyè yóò lọ sọ́dọ̀ Henrietta àkọ́bí rẹ̀, yóò sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin tó bá bí. Bí ìlà tirẹ̀ bá já, ó di ti Anne àti àwọn ọmọkùnrin Anne. Lẹ́yìn Anne, Elizabeth. Lẹ́yìn Elizabeth, Mary. Wọn ò dúró síbẹ̀. Ní ìparí, òfin sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kù láyé tó jẹ́ ìran John, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin, oyè náà kò gbọdọ̀ kú. Ààfin àti ilẹ̀ Woodstock yóò máa tẹ̀ lé oyè lọ. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n sì fọwọ́ sí owó 5,000 pọ́n-ùn tí wọ́n kọ̀ ní 1702.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òfin yìí dáadáa, nítorí pé òun ni òpómúléró ilé. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ọba dárúkọ ọmọbìnrin nínú ìwé oyè. Ó tún ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà: Louis Mountbatten tí kò ní ọmọkùnrin di Earl ní 1947, wọ́n kọ ọmọbìnrin rẹ̀ sínú ìwé, nígbà tí wọ́n sì pa Mountbatten ní 1979, Patricia ọmọ rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ẹ ó rí i pé ọ̀gágun tó ṣẹ́gun ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Ọmọbìnrin tí baba rẹ̀ kò bá ja ogun ńlá, òfin kò rí i.

Sarah àti Ọbabìnrin Anne jà, wọn ò sì parí rẹ̀. Ní ìparí 1711, wọ́n gba iṣẹ́ ogun lọ́wọ́ John. Ní 1712, owó ìjọba fún ààfin náà dáwọ́ dúró, àwọn òṣìṣẹ́ sì lọ sílé láìgba owó iṣẹ́ wọn. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu John ní 1716, ó kú ní oṣù Kẹfà 1722. Sarah ló parí ilé náà. Nígbà tí Vanbrugh fúnra rẹ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní 1725, Sarah kò jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Òfin 1706 wá ṣiṣẹ́. Henrietta jẹ oyè baba rẹ̀, ó di Duchess of Marlborough fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó fẹ́ Duke kankan. Earl of Godolphin ni ọkọ rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ kò rẹ́. Ó ní ọmọkùnrin, William, tí wọ́n ń pè ní Blandford, tó yẹ kó jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. William kú ní Oxford ní 1731, kò sì bímọ. Henrietta kú ní 1733. Ìlà tirẹ̀ tán lórí oyè náà.

Ó kan Anne, ọmọbìnrin kejì. Anne ti kú láti 1716, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ Charles Spencer, Earl of Sunderland, ó sì ti bí ọmọkùnrin fún un. Charles, ọmọ Anne, ti jẹ oyè baba tirẹ̀ ní 1729, ó ti di Earl of Sunderland, ó sì ní Althorp, ilé àwọn Spencer láti 1508. Ní 1733, oyè bàbá ìyá rẹ̀ bọ́ sí i lọ́rùn. Ó di Duke of Marlborough kẹta. Báyìí ni oyè Churchill ṣe wọ ilé Spencer tí kò sì jáde mọ́.

Apá yìí ni mo rò pé ó kọ́ni jù. Gẹ́gẹ́ bí ètò ìdílé, ẹni tó bá jẹ Marlborough yóò fi Althorp àti ilẹ̀ Sunderland sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Charles gbé Blenheim, ó fi Althorp fún John Spencer. Sarah ìyá àgbà wọn fẹ́ràn John, kò sì fẹ́ràn ọwọ́ tí Charles fi ń náwó. Sarah ti di ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó lówó jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oyè tẹ̀ lé òfin, kò lè fọwọ́ kan ìyẹn. Ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi owó rẹ̀ rà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì kú ní 1744, ẹni ọdún 84, John ló fi wọ́n sílẹ̀ fún. Ọmọ John ló di Earl Spencer ní 1765. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Diana, ìyá Prince William àti Harry, ti wá. Ẹ̀gbọ́n gba oyè tó ga jù àti ilé tó tóbi jù. Àbúrò gba owó. Púpọ̀ nínú ìyà owó tó jẹ àwọn Marlborough fún ọdún tó lé ní 150, inú ìwé ìhágún ìyá àgbà kan ló ti bẹ̀rẹ̀.

Díẹ̀ díẹ̀ ló ń hàn. Duke kẹta kú ní Münster ní Jámánì ní 1758, níbi tó ti ń darí ọmọ ogun. Ọmọ rẹ̀ gbé Capability Brown wá láti tún ilẹ̀ àyíká ààfin ṣe, adágún ńlá tó wà níbẹ̀ dòní jẹ́ iṣẹ́ Brown. Duke karùn-ún ni owó rìn dànù lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Ìwé àtijọ́ àti òdòdó ló gbàgbé ara rẹ̀ sí. Nígbà tó ṣì jẹ́ Blandford, ní 1812, ó san 2,260 pọ́n-ùn lórí ìwé Boccaccio kan ṣoṣo, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì san lórí ìwé kan rí nígbà náà. Ọdún méje lẹ́yìn náà, gbèsè mú kí wọ́n ta á ní nǹkan bí 918 pọ́n-ùn. Òun yìí kan náà ló gba àṣẹ ọba ní 1817 láti so Churchill mọ́ Spencer, kí orúkọ ọ̀gágun náà má bàa parun. Títí di ọdún yẹn, Spencer lásán ni wọ́n ń jẹ́.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1870 sí 1880, ọ̀gbàrá mìíràn dé. Ọkà láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu, iye owó ọkà já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó ń yá ilẹ̀ kò rí owó ilẹ̀ san mọ́. Ìdílé tó jẹ́ pé owó ilẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n máa kó ẹrù ilé tà. Duke keje ta àwọn òkúta iyebíye ní 1875, fún ohun tó lé ní 35,000 pọ́n-ùn. Ilé ìkàwé Sunderland tẹ̀ lé e. Ètò àtijọ́ ti de àwọn ìwé inú rẹ̀ mọ́ oyè, Duke kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà wọ́n. Wọ́n tún ní láti lọ gba òfin pàtó lọ́dọ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní 1880 kí wọ́n tó rí wọn tú. Duke kẹjọ wá kọjú sí àwọn àwòrán. Àwòrán Màríà Wúńdíá àti Jésù ọmọ rẹ̀ tí Raphael yà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ansidei Madonna, kúrò ní Blenheim ní 1885. Ìjọba ló rà á fún National Gallery, 70,000 pọ́n-ùn.

Ọkà Amẹ́ríkà ló ba owó wọn jẹ́, owó Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi tún un ṣe. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, ọdún 1895, ní New York, Duke kẹsàn-án gbé Consuelo Vanderbilt níyàwó, ọmọ ọdún 18, ọmọ àwọn tó ni ọkọ̀ ojú irin. Baba rẹ̀ fún Duke ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ rélùwéè kan tó tó mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Consuelo kò fẹ́ ẹ. Ẹlòmíràn ni ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀, ìyá rẹ̀ Alva ló fi tipátipá mú un. A kò ń gbọ́ èyí lẹ́nu ọ̀tá: Alva fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i níwájú ilé ẹjọ́ ìjọ Kátólíìkì, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n fagi lé ìgbéyàwó náà ní 1926. Wọ́n tún òrùlé Blenheim ṣe, wọ́n ra ohun ọ̀ṣọ́ tuntun, gbogbo àlejò tó ń wọlé ń yin ilé náà. Ẹni tó san owó rẹ̀ ni ọmọdébìnrin tó sunkún títí kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn mí pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ń sọ nípa ẹwà ààfin yẹn, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi ń kọjá lórí rẹ̀.

Wọ́n tún ń retí nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ Consuelo. Lord Randolph Churchill, ọmọ Duke keje, kú ní oṣù Kìíní 1895, Duke kẹsàn-án kò sì tíì bímọ. Ẹni tí oyè kàn nígbà náà ni ọmọ Randolph, ọ̀dọ́mọdé sójà kan tó ń jẹ́ Winston. Ìyá àgbà Duke kò fẹ́ ẹ rárá. Consuelo kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé ìyá àgbà yìí sọ ọ́ sójú òun, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ríra, pé dandan ni kí òun bí ọmọkùnrin, kí Winston má bàa jẹ Duke. Ó bí i ní oṣù Kẹsàn-án 1897.

Ẹ wo ohun tí ìbí ọmọ yẹn ṣe. Ká ní Winston jẹ Duke, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù ni ibùjókòó rẹ̀ ì bá wà, kò sì ní sí ọ̀nà àbáyọ, torí pé ọdún 1963 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí ènìyàn kọ oyè tó jogún. Ní oṣù Karùn-ún 1940, nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò di olórí ìjọba kí Hitler tó bo gbogbo ayé mọ́lẹ̀, ẹni méjì ló wà níbẹ̀, Winston àti Lord Halifax. Ọ̀kan nínú ìdí tí Halifax fi fà sẹ́yìn ni pé Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù ni òun jókòó sí, kò sì lè darí ogun láti ibẹ̀. Winston wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú nítorí pé ọmọ Consuelo ti gba oyè kúrò lórí rẹ̀.

Ọmọ náà ló di Duke kẹwàá, òun ló sì ṣílẹ̀kùn Blenheim fún ará ìlú ní 1950, kí owó ìwọlé lè máa tún ilé ṣe. UNESCO kọ ilé náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 1987. Duke kejìlá ló wà lórí oyè báyìí, láti 2014.

Nínú ìdílé ọba fúnra rẹ̀, òfin ọdún 2013 ti sọ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin di ọgbọọgba lórí ìtẹ́. Òfin náà kò kan oyè àwọn ọlọ́lá. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ilé wọ̀nyí, àkọ́bí obìnrin ṣì ń wo àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bó ṣe ń kọjá lórí rẹ̀, bí kò bá sì sí àbúrò, wọ́n á lọ wá ìbátan jíjìn kan wá. Èmi ò rí ìdí kan tí èyí fi yẹ kó máa bá a lọ, pàápàá nígbà tí Marlborough wà níbẹ̀ tí oyè rẹ̀ ti ọwọ́ obìnrin kọjá láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́.

Òfin 1706 ṣì wà lójú ìwé. Bí ọmọkùnrin bá tán láàárín àwọn Spencer-Churchill, kò sí pé oyè kú, wọn ò sì ní tíì dé ọ̀dọ̀ ìran Elizabeth tàbí ti Mary. Ìran ọmọkùnrin Anne ni wọn yóò kọ́kọ́ wá, ìran náà sì wà ní Althorp, lọ́dọ̀ Earl Spencer, ilé tí Diana ti jáde. Oyè àti owó tí ìwé ìhágún Sarah yà nípa ní 1744 yóò tún pàdé lábẹ́ òrùlé kan.